Ohun Tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú Kì Í Bàjẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkó Kábínẹ́ẹ̀tì Máíkírófíìmù Ilé-Ìkàwé

Nígbà tí ìjọba bá ń kọ́ ilé-ìkàwé tuntun, ọ̀rọ̀ bíríkì àti sìmẹ́ǹtì ló máa ń gba ẹnu àwọn ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú olú ilé tí wọ́n ń kọ́ fún Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ Nàìjíríà ní Àbújá. Ọdún 2006 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, síbẹ̀ ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà tí ilé náà ṣì wà láìparí, tí Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé àyágbé. Ní ọdún 2025, ọ̀rọ̀ náà tún gbòde nígbà tí ìyàwó Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, rọ àwọn tó fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ọdún 65 rẹ̀ pé kí wọ́n dá owó náà fún píparí ilé-ìkàwé yìí. Ìgbésẹ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ilé bá parí, ẹrù gbọ́dọ̀ wọlé. Ta ni yóò kó ẹrù náà, báwo ni yóò sì ṣe kó o?

Ìbéèrè yìí kò mọ sí Àbújá. Ó kan gbogbo yunifásítì tó ń tún ilé-ìkàwé rẹ̀ ṣe, gbogbo ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ń ṣí kúrò ní ọ́fíìsì àtijọ́, àti gbogbo ibi tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìjọba pamọ́ sí. Ìwé ṣeé dì sínú páálí. Àga àti tábìlì ṣeé gbé lórí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ilé-ìkàwé tí kò ṣeé kó bí ẹrù ọjà, èyí sì ni kábínẹ́ẹ̀tì onírin tí wọ́n ń kó máíkírófíìmù sí. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, ó léwu fún ẹni tó ń gbé e, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì ṣeé rà lọ́jà bó bá bàjẹ́. Aláṣẹ ilé-ìkàwé tó bá fi iṣẹ́ yìí lé alábàárù ọjọ́ kan lọ́wọ́ láìsí ètò, ó ń fi ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ àti ìrántí ìran kan ta tẹ́tẹ́.

Fún ẹni tí kò bá rí i rí, máíkírófíìmù ni fíìmù tín-ín-rín tí wọ́n ya àwòrán ojú-ìwé sí ní kékeré, débi pé ojú lásán kò lè kà á àfi kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tó ní iná àti gíláàsì tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Rólù kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 30, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 35, lè gba ojú-ìwé ìròyìn bí 600. Irú rẹ̀ mìíràn tó pẹlẹbẹ bíi káàdì ni wọ́n ń pè ní máíkírófíìṣì. Kí kọ̀ǹpútà tó gbòde, ọ̀nà yìí ni àwọn ilé-ìkàwé àgbáyé fi ń gba ìwé ìròyìn là, nítorí bébà ìwé ìròyìn kì í pẹ́ kó tó pọ́n, kó sì máa rún wómúwómú. Ní ọdún 1963, àwọn ilé-ìkàwé kan ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMP sílẹ̀ lábẹ́ Center for Research Libraries ní Chicago, kí wọ́n lè jùmọ̀ máa ya ìwé àti ìwé ìròyìn ilẹ̀ Áfíríkà sórí fíìmù.

Ìran Yorùbá ní ìpín tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Nígbà tó di àwọn ọdún 1920, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá ti pọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn: Èkó Àkéte wà níbẹ̀, Ẹlẹ́tì Ọfẹ wà níbẹ̀, Yoruba News ti D. A. Ọbasá wà ní Ìbàdàn, Akéde Èkó ti I. B. Thomas sì wà ní Èkó. Inú Akéde Èkó yìí ni ìtàn Sẹ̀gilọlá ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún 1929 sí 1930, ìtàn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Karin Barber ṣe ìwé lórí ìtàn náà ní ọdún 2012, àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tó kù nílẹ̀ ló fún un ní ohun tó fi ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ oyè, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìkéde òkú, iye owó ọjà, lẹ́tà àwọn òǹkàwé tó ń bá ara wọn jiyàn: ohun tí kò sí nínú ìwé ìtàn kankan wà nínú ìwé ìròyìn. Bí bébà rẹ̀ bá ti jẹrà, fíìmù ló kù. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Bí fíìmù ṣe kéré tó, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jù sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù.

Kí ló dé tí kábínẹ́ẹ̀tì yìí fi wúwo tó bẹ́ẹ̀? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí rólù fíìmù kan pẹ̀lú páálí kékeré tó wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ ìwọ̀n ìdámẹ́rin kílò, rólù 800 yóò jẹ́ kílò 200. Bí kábínẹ́ẹ̀tì onírin náà fúnra rẹ̀ bá jẹ́ kílò 150, àpapọ̀ rẹ̀ di kílò 350. Báàgì sìmẹ́ǹtì méje nìyẹn, tí wọ́n tò jọ sórí ilẹ̀ tí kò fẹ̀ tó ìdajì mítà níbùú. Bí ilé-ìkàwé bá ní mẹ́wàá irú rẹ̀ lórí ìlà kan, àádọ́rin báàgì sìmẹ́ǹtì ló dúró síbẹ̀. Kábínẹ́ẹ̀tì máíkírófíìṣì tó kún dẹ́nu tún lè wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí káàdì rẹ̀ fún pọ̀ mọ́ra láìsí àlàfo láàárín.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń kó o lọ. Nínú òfin ìkọ́lé tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ ọ́fíìsì lásán gbọ́dọ̀ lè gba nǹkan bíi kílò 240 lórí mítà kan níbùú lóròó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yàrá tí wọ́n ń to ìwé ilé-ìkàwé sí gbọ́dọ̀ lè gba nǹkan bíi kílò 730. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ó túmọ̀ sí pé yàrá tó tẹ́jú, tó rẹwà, tó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù ní àjà kejì lè má yẹ fún kábínẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí rárá. Ẹnjiníà tó mọ bí wọ́n ṣe da dẹ́kì ilé náà nìkan ló lè sọ bóyá ó yẹ. Kì í ṣe ọ̀gá àgbà, kì í sì í ṣe agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ parí iṣẹ́ kó gba owó rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí ìròyìn ilé wíwó kì í jìnnà sí etí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe àṣeyẹ̀wò pẹ̀lú dẹ́kì.

Ewu kejì wà lára kábínẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, dúrọ́ọ̀ rẹ̀ sì ń fà jáde gùn. Bí ènìyàn bá fa dúrọ́ọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó kún jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ yóò kóra jọ síwájú, kábínẹ́ẹ̀tì yóò sì dojú dé ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Àwọn kábínẹ́ẹ̀tì kan ní irin ìdádúró tí kì í jẹ́ kí dúrọ́ọ̀ méjì ṣí pọ̀, ṣùgbọ́n irin náà lè ti bàjẹ́ lára èyí tó ti pẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Bí àwọn géndé mẹ́rin bá sì gbá a mú, tí wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè tì í gba ẹnu ọ̀nà, dúrọ́ọ̀ tí wọn kò tì pa yóò yọ́ jáde, ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò sì wà nínú ewu. NIOSH, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, fi kílò 23 ṣe òpin ohun tó yẹ kí ènìyàn kan fọwọ́ gbé, ìyẹn nígbà tí gbogbo nǹkan bá rọrùn fún un. Kí mẹ́rin nínú wọn wá pín kílò 350 láàárín ara wọn, ìyà ni.

Nàìjíríà náà ní òfin lórí èyí. Òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ sọ pé ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú. Ṣùgbọ́n owó gbà-má-bínú kì í to egungun ẹ̀yìn tó yẹ̀. Alábàárù tí wọ́n pè láti ìta ọjà ní àárọ̀, tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbikíbi, ibo ni yóò mú ìwé rẹ̀ lọ bí kábínẹ́ẹ̀tì bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀? Ẹni tó ní kó gbé ẹrù ló yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí.

Ọ̀nà tó dára wà, kò sì ṣòro. Èkíní, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà nínú kábínẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan án. Kí kábínẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí wọ́n sì kọ rólù tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti èyí tó parí rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé èyí jẹ́ àṣejù kò tíì ronú dé ìdí ọ̀rọ̀. Bí ìwé bá ṣubú sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè ka àkọlé rẹ̀ kó sì dá a padà síbi tó ti wá. Fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Rólù tó bọ́ kúrò nínú páálí rẹ̀ kò ní orúkọ mọ́, nítorí ojú lásán kò lè kà á. Akéde Èkó ọdún 1929 tó bọ́ sínú páálí ìwé ìròyìn ọdún 1965 lè jókòó síbẹ̀ fún ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Kò jóná, omi kò gbé e lọ, síbẹ̀ ó ti sọnù.

Èkejì, kí wọ́n kó ohun inú rẹ̀ jáde kí wọ́n tó gbé kábínẹ́ẹ̀tì. Òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, dúrọ́ọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ìwọ̀n tó kù lè wà nísàlẹ̀ kó sì mú un dúró. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tuntun, ìsàlẹ̀ ni wọn yóò ti kọ́kọ́ dá a padà. Páálí kékeré tó lágbára ló yẹ kí wọ́n lò: èyí tó gba rólù 60 yóò jẹ́ nǹkan bíi kílò 15, ènìyàn kan lè gbé e láìfarapa. Páálí ńlá tó kún fún fíìmù kò ṣeé gbé, ìdí rẹ̀ yóò sì já lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ gbígbé kábínẹ́ẹ̀tì tó kún láìtú u wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é ní jáàkì, kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù tó gba ìwọ̀n náà, àti ìrírí. Ẹni tí kò ní mẹ́ta yìí kó tú u.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n wo ọ̀nà kí wọ́n tó rìn ín. Kí wọ́n wọn ẹnu ilẹ̀kùn, kí wọ́n wọn igun àtẹ̀gùn, kí wọ́n ka iye kílò tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ilé. Kí wọ́n tú bóòtù tó so kábínẹ́ẹ̀tì mọ́ ara wọn tàbí mọ́ ògiri. Bí ọ̀kan bá wà lórí èkejì, kí wọ́n sọ èyí tó wà lókè kalẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Kí wọ́n ti gbogbo dúrọ́ọ̀ pa tàbí kí wọ́n yọ wọ́n kúrò. Kí wọ́n tẹ́ pákó pílíwúùdù sórí táìsì kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ má baà fọ́ ọ. Kí òṣìṣẹ́ wọ bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀ àti ìbọ̀wọ́, kì í ṣe sálúbàtà. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa pàṣẹ, nítorí níbi tí ẹni mẹ́ta bá ti ń pariwo pé kí wọ́n gbé e, kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n yí i, níbẹ̀ ni ìjàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ibi tuntun, kí wọ́n rí i pé ilẹ̀ tẹ́jú, kí wọ́n sì tún so wọ́n mọ́ra tàbí mọ́ ògiri kí wọ́n tó dá fíìmù kankan padà sínú wọn.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n fi ìkólọ náà ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọ́n ṣe kí àwọn ọdún 1980 tó dé jẹ́ ti àsítéètì, irú èyí tó máa ń jẹrà bí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, òórùn rẹ̀ a máa ta bíi fínígà, òórùn náà sì ni àmì pé ó lè ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń dì í sí páálí yóò gbọ́ òórùn yìí. Kó yà á sọ́tọ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi dè é náà kò dára, nítorí ohun tó wà lára rọ́bà ń ba fíìmù jẹ́. Kí wọ́n já a dànù. Kò yẹ kí òjò tàbí oòrùn kan àwọn páálí, nítorí náà ọkọ̀ tó ní ìbòrí ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò, kí wọ́n sì yan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n bò wọ́n dáadáa nítorí eruku ọyẹ́. Bí yàrá tuntun kò bá sì ní ìtutù àti gbígbẹ tó dúró lójú kan, a jẹ́ pé láti inú ewu kan ni wọ́n ń kó o bọ́ sínú òmíràn.

Àwọn kan yóò ní ayé ti di ti kọ̀ǹpútà, kí ni ènìyàn tún ń fi fíìmù ṣe? Kí wọ́n yí gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì ta irin kábínẹ́ẹ̀tì fún alágbẹ̀dẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Yíyí i sórí kọ̀ǹpútà dára, ó sì yẹ kó yára. Ṣùgbọ́n ara fíìmù náà gan-an ni wọn yóò ti yí i. Bí wọ́n bá da a rú kí iṣẹ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀, kí ni wọn yóò yí? Bákan náà, fíìmù onípólísítà tí wọ́n ṣe dáadáa tí wọ́n sì tọ́jú síbi tó tutù tó sì gbẹ ni àwọn onímọ̀ fojú díwọ̀n pé ó lè lo 500 ọdún. Iná àti gíláàsì nìkan ló ń béèrè fún kí ènìyàn tó lè kà á. Dírágíràfù kọ̀ǹpútà tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì sí, pàápàá nílẹ̀ tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀, tí owó íntánẹ́ẹ̀tì sì lè tán nínú àpò ilé-ìkàwé nígbàkúgbà.

Àwọn mìíràn yóò ní kò sí owó. Òótọ́ ni pé owó ilé-ìkàwé kéré. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà lókè yìí kò béèrè owó ńlá. Títò nọ́ńbà, kíkọ àkọlé, bíbẹ̀rẹ̀ láti òkè, wíwọn ẹnu ọ̀nà, àkókò àti sùúrù ni wọ́n ń béèrè. Owó tó pọn dandan ni ti ẹnjiníà tó yẹ dẹ́kì wò, ti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, ti páálí tó dára, àti ti òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́. Bí agbaṣẹ́ṣe bá lè kọ owó kápẹ́ẹ̀tì àti owó ayẹyẹ ìṣílé sínú ìwé àdéhùn, kò sí ìdí tí owó ìkólọ kò fi ní sí nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ ilé-ìkàwé tó mọ ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì yẹ kó buwọ́ lu ètò náà, kó sì wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ ọjọ́ ìkólọ.

Kì í ṣe ilé tuntun nìkan ló ń múni kó ẹrù. Ìkún-omi ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ ní Ìbàdàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2021, iná láti orí òkè jó ilé-ìkàwé Jagger ní Yunifásítì Cape Town, omi sì wọ inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, débi pé àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ní láti dara pọ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ kí wọ́n lè kó ohun tó kù jáde. Ilé-ìkàwé tó bá ti kọ ètò ìkólọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ara dẹ̀ ni yóò mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ gbé ní ọjọ́ tí ara kan gógó. Ọjọ́ tí iná bá ń jó kọ́ ni wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú bóòtù.

Nígbà tí ọjọ́ ìṣílé bá dé, àwọn èèkàn ìlú yóò gé ríbọ́ọ̀nù, wọn yóò ya fọ́tò níwájú ilé tó ń dán. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò fi hàn bóyá ilé-ìkàwé ni ilé náà jẹ́ ni ọmọ ilé-ìwé tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì, tó béèrè Yoruba News ọdún 1924, tí òṣìṣẹ́ sì lọ tààrà síbi dúrọ́ọ̀ tó yẹ, tó mú rólù tó yẹ jáde. Kí ìyẹn tó lè ṣẹlẹ̀, àwọn tó kó o gbọ́dọ̀ ti kó o pẹ̀lú ètò, kí gbogbo wọn sì ti padà sílé ní alẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.